Grammar School Èkó 1859, Christ's School Adó 1933: kí ló gba ọdún 74 láàárín?

Ọmọ Ìkọ̀lé (ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀)

Ẹ kú ilé, ẹ kú iṣẹ́, gbogbo ará Èkìtì tó wà níbí. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ kí àwọn àgbà bá mi dá sí i.

Ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ọdún 1859 ni àwọn CMS (Church Missionary Society, ẹgbẹ́ ajíhìnrere ìjọ Áńgílíkà) ṣí ilé ẹ̀kọ́ girama fún àwọn ọmọkùnrin ní Èkó. Ọmọ mẹ́fà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, nínú ilé kan tí wọ́n ń pè ní Cotton House ní Broad Street. Àlùfáà Thomas Babington Macaulay, àna Àjàyí Crowther, ni ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́. Ní ti àwa tí a wà lókè níhìn-ín, ó di 1933 kí Archdeacon Henry Dallimore tó dá Ekiti Central School sílẹ̀ ní Adó, èyí tó padà di Christ's School.

Gbogbo ayé ló ń pe Èkìtì ní ilẹ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé. Kí ló wá dé tí ìwé fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kó tó gun òkè wá bá wa? Ṣé àwọn òyìnbó ni kò kà wá sí, àbí àwọn baba wa ni kò tètè fẹ́ ẹ? Àwọn kan máa ń sọ fún wa pé ará etí òkun ló la ojú wa. Ó máa ń dùn mí, nítorí náà mo fẹ́ mọ bó ṣe jẹ́ gan-an.

Ìsàlẹ̀ Èkó

Ẹ kú ìjókòó. Ọmọ Èkó ni mí, Ìjerò ni wọ́n ti fún mi níyàwó, ẹ jẹ́ kí n bá yín jókòó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tún ìtàn tò. Ọdún 1855 ni àwọn Onítẹ̀bọmi ti bẹ̀rẹ̀ Baptist Academy. Ọdún mẹ́rin ló fi ṣáájú Grammar School. Ìdí wo ni wọ́n fi ń pe èyí tó tẹ̀lé e ní àkọ́kọ́?

Tísà Fẹ̀yìntì, Adó

Àna wa, ẹ káàbọ̀. Ìbéèrè gidi lẹ bi.

Òótọ́ ni pé 1855 ni ti àwọn Onítẹ̀bọmi. Àmọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, àwọn ọdún 1880 ni wọ́n tó fi kíláàsì gíga kún un. Èyí tí Macaulay ṣí, láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ó ti jẹ́ ti girama. Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, jẹ́ọ́mẹ́tírì, jọ́gíráfì, ìtàn, ẹ̀kọ́ Bíbélì, Látìn, Gíríìkì àti lójíìkì ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ náà. Ìdí nìyẹn tí àwọn onítàn fi ń pè é ní ilé ẹ̀kọ́ girama àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọkùnrin yìí, nítorí orúkọ rẹ̀ máa ń tan ènìyàn jẹ. Ẹni tó bá gbọ́ "Thomas Babington Macaulay" á rò pé òyìnbó ni. Ọmọ Yorùbá ni. Kissy ní Sierra Leone ni wọ́n bí i sí ní 1826, àwọn òbí rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn akónilẹ́rú. Ó kàwé ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Fourah Bay ní Freetown, ó tún lọ kọ́ṣẹ́ àlùfáà ní Islington ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ó padà wá ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta kó tó bọ́ sí Èkó. Abigail ọmọ Crowther ló fi ṣaya. Herbert Macaulay tí gbogbo wa mọ̀, ọmọ rẹ̀ ni, ilé ẹ̀kọ́ bàbá rẹ̀ náà ni ó sì lọ. Bàbá náà wà ní ipò ọ̀gá àgbà títí àrùn ìgbóná fi pa á ní 1878.

Freetown ni ó ti rí àpẹẹrẹ ohun tó ṣe. Láti 1845 ni àwọn CMS ti ní ilé ẹ̀kọ́ girama ti àwọn ọmọkùnrin níbẹ̀. Ọmọ ẹrú tó gba òmìnira ló gbé e wá sí Èkó.

Ẹ tún kíyè sí i pé ní 1859, Ọba Dòsùnmú ló ń jọba ní Èkó. Oṣù Kẹjọ ọdún 1861 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó fi agbára gba ìlú náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyẹn ni pé ilé ẹ̀kọ́ náà ti wà kí ìjọba òyìnbó tó wà. Ọdún 1859 yẹn kan náà ni ìwé ìròyìn tí wọ́n ń pè ní Ìwé Ìròhìn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní Abẹ́òkúta. Kò sí ìjọba kankan tó bá wọn kọ́ ilé ẹ̀kọ́ náà, èyí ló sì jẹ́ kí ìbéèrè Ọmọ Ìkọ̀lé ṣe pàtàkì lójú mi. Bí kì í bá ṣe ìjọba ló mú un wá sí Èkó, a kò lè sọ pé ìjọba ni kò tètè mú un wá sí Èkìtì.

Abílékọ Ìkẹ́rẹ́

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́, Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́. Bí kì í bá ṣe ìjọba, ta ló sanwó? Àwọn CMS ní Lọ́ńdọ̀nù ni?

Ọmọ Kòkó

Ẹ̀yin àgbà, ẹ gbà mí láyè kí n dáhùn èyí, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti kàn wá ní Èkìtì.

Henry Venn tó jẹ́ akọ̀wé àgbà CMS ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà gbà pé ìjọ ilẹ̀ Áfíríkà gbọ́dọ̀ fi owó ara rẹ̀ gbọ́ bùkátà ara rẹ̀. Nítorí náà, àwọn ará Èkó fúnra wọn ni wọ́n kọ́kọ́ dìde. Ẹni tó ṣe gudugudu méje nínú wọn ni James Pinson Labulo Davies, tí wọ́n ń pè ní Captain Davies. Òun ló kó £50 lé Macaulay lọ́wọ́ láti fi ra ìwé àti ohun èlò ilé ẹ̀kọ́. Ní ayé ìgbà náà, owó ńlá ni.

Ta ni Davies? Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Sierra Leone ní 1828. Ó bá ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì tó ń dọdẹ àwọn akónilẹ́rú ṣiṣẹ́, kó tó di oníṣòwò pàtàkì ní Èkó. Ìyàwó rẹ̀ ni Sara Forbes Bonetta, ọmọ Yewa tí ogun Dahomey kó lẹ́rú ní kékeré, tí Ọbabìnrin Victoria sì padà di alágbàtọ́ rẹ̀. Ní 1862 ni wọ́n ṣègbéyàwó ní Brighton.

Ohun tó mú mi kọ gbogbo èyí ni pé òwò Davies dojú dé ní àwọn ọdún 1870. Nígbà tó tó 1879 sí 1880, ó rí èso kòkó gbà láti inú ọkọ̀ ará Brazil kan àti láti erékùṣù Fernando Po, ó sì dá oko kòkó sí Ijon, ní ìwọ̀ oòrùn Èkó. Ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dá oko kòkó ní gbogbo ilẹ̀ wa. Láti ọ̀dọ̀ irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni kòkó fi dé Agége, níbi tí J. K. Coker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ní oko ńláńlá. Àwọn ta ni wọ́n lọ gba iṣẹ́ ní àwọn oko Agége wọ̀nyẹn? Àwọn ọmọ Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti Oǹdó wà lára wọn. Àwọn tó ń bọ̀ wálé ló ń di èso kòkó sínú ẹrù bọ̀.

Ẹ̀yin ará mi, ẹni tó sanwó ìwé àkọ́kọ́ fún ilé ẹ̀kọ́ girama Èkó náà ló gbin kòkó tí wọ́n fi sanwó ilé ẹ̀kọ́ tèmi. Kòkó ni bàbá mi fi rán gbogbo wa lọ sí ilé ìwé. Ìkórè ńlá máa ń bọ́ sí oṣù Kẹwàá sí oṣù Kejìlá, oṣù Kìíní sì ni ọdún ẹ̀kọ́ ń bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Bí a bá ti sá kòkó tó gbẹ, tí a gbé e dé orí ìwọ̀n, owó ilé ìwé ti dé nìyẹn. Ọdún tí òjò bá mú kí kòkó rà lórí igi, àwọn òbí mìíràn á fi oko dógò kí ọmọ má baà padà sílé. Mo mọ àwọn ìdílé tí oko náà kò padà sí lọ́wọ́ wọn mọ́ títí di òní, àmọ́ ọmọ wọn di dókítà.

Nítorí náà, nígbà tí ẹnikẹ́ni bá ní ará etí òkun ló la ojú wa, ẹ sọ fún un pé kòkó àti òógùn àwọn baba wa ló là á.

Ọmọ Fábùnmi

Káàre o, Ọmọ Kòkó! Ẹ ṣeun.

Òkè-Ìmẹ̀sí ni mo ti ń kọ̀wé yìí, ẹ sì mọ̀ pé a kò lè sọ̀rọ̀ ọdún 74 yẹn kí a má dárúkọ Kírìjì, ogun tí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà bá Ìbàdàn jà. Ẹ ṣírò ó. Grammar School pé ọdún 18 ní 1877, ọdún tí ogun bẹ̀rẹ̀. 1893 ni àwọn ọmọ ogun tó tú ká pátápátá. Nígbà tí àwọn ọmọ Èkó ń kọ́ Látìn, inú àgọ́ ogun ni àwọn ọ̀dọ́kùnrin wa wà. Àwọn tí wọ́n ti kó lẹ́rú lọ sí Ìbàdàn àti ibi gbogbo ṣáájú ogun náà kò níye. Ta ló fẹ́ dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ láàárín irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Ọmọ wo ló fẹ́ wọ̀ ọ́?

Àwọn ènìyàn wa tó wà ní Èkó nígbà náà, ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀, kò fọwọ́ lẹ́rán. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí wọ́n ti oko ẹrú dé pọ̀ nínú wọn. Wọ́n lówó lọ́wọ́, wọ́n sì fẹ́ràn ilé. Ṣùgbọ́n ìbọn àti ẹ̀tù ni wọ́n ń fi owó wọn rà, ọ̀nà Oǹdó ni wọ́n sì ń gbé e gbà wá bá Fábùnmi àti Ògèdèngbé, àwọn balógun wa. Kò sí ẹni tó lè bá wọn wí, nítorí ẹni tí wọ́n fẹ́ kó lẹ́rú kò ní í kọ́kọ́ ra síléètì.

Àwọn tó gbé ìwé àdéhùn àlàáfíà 1886 lọ sí àgọ́ méjèèjì ni Àlùfáà Samuel Johnson àti Àlùfáà Charles Phillips. Phillips yìí ló di bíṣọ́ọ̀bù ní 1893, tó fi Oǹdó ṣe ibùjókòó, tó sì ń bójú tó iṣẹ́ ìjọ ní ilẹ̀ Èkìtì. Ọdún yẹn kan náà ni Isaac Olúwọlé, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà Grammar School láti 1881, di bíṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ rí i pé ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ yẹn àti ọ̀nà tiwa ti pàdé tipẹ́.

Ìdó Lókè

Mo bọ̀wọ̀ fún gbogbo yín, pàápàá ẹ̀gbọ́n mi láti Òkè-Ìmẹ̀sí. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má di gbogbo rẹ̀ lé ogun lórí.

Ogun parí ní 1893. Láti ìgbà náà dé 1933, ogójì ọdún gbáko ni. Láàárín ogójì ọdún yẹn, Abẹ́òkúta ní ilé ẹ̀kọ́ girama ní 1908, Ìbàdàn àti Ìjẹ̀bú-Òde ní 1913, Oǹdó tó wà nítòsí wa ní Ondo Boys' High School ní 1919. Ìbàdàn náà jagun Kírìjì, kò sì dí wọn lọ́wọ́.

Ohun kejì tún wà. Bàbá Tísà sọ fún àna wa pé a kò gbọdọ̀ ka 1855 fún Baptist Academy nítorí pé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. Mo fara mọ́ ọn. Àmọ́ òṣùwọ̀n kan náà ni kí a fi wọn tiwa. Ekiti Central School ti 1933 kì í ṣe girama kíkún. Ọdún 1948 ni Christ's School tó di ilé ẹ̀kọ́ girama lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́. Bí a bá fẹ́ jẹ́ olóòótọ́, ọdún 89 ni, kì í ṣe 74.

Tísà Fẹ̀yìntì, Adó

Ìdó Lókè, o káre, ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ rẹ múná, ó sì yẹ kí n fún un ní ìdáhùn tó kún.

Lórí 1948, mo gbà. Ọdún 89 ni bí a bá ń sọ ti girama kíkún. Síbẹ̀, 1933 ni ìbẹ̀rẹ̀ tí àwa ń ṣe ayẹyẹ rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ọmọ láti ìlú gbogbo ní Èkìtì ti kọ́kọ́ jókòó sí kíláàsì kan. Ṣáájú ìgbà náà, ìlú kọ̀ọ̀kan ló ń dá tirẹ̀ ṣe, ọba kọ̀ọ̀kan ló ní ilé ìjọsìn àti ilé ìwé kékeré tirẹ̀. Kí ọmọ Òmùò àti ọmọ Ẹ̀fọ̀n jọ sùn sí ilé ìbùgbé kan náà, ohun tuntun ni.

Lórí ogójì ọdún, ohun tí mo rò nìyí. Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Ìjẹ̀bú ní àwọn oníṣòwò ní ojú ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tàbí nítòsí ọ̀sà. Wọ́n ti ní owó lọ́wọ́ kí wọ́n tó ní girama. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Èkó ní 1859 náà nìyẹn: Davies ní £50 láti fún ni. Lọ́dọ̀ tiwa, kòkó ló mú owó wá, kòkó kì í sì í so ní ọdún tí a bá gbìn ín. Ọdún mẹ́rin, márùn-ún, ó lè jù bẹ́ẹ̀, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í so dáadáa. Àwọn tó gbin kòkó ní ogún ọdún àkọ́kọ́ sẹ́ńtúrì ogún ni owó wọn jáde ní àkókò Dallimore. Ó sì tún jẹ́ ohun ìyanu pé ìgbà tí owó kòkó já wálẹ̀ jù, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, ni ilé ẹ̀kọ́ náà bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ kí n fi ẹnì kan ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀jọ̀gbọ́n J. F. Ade Ajayi, ọmọ Ìkọ̀lé, tí wọ́n bí ní 1929. Ó ka ìwé ní St Paul's ní Ìkọ̀lé, ó wá sí Ekiti Central School níhìn-ín ní Adó. Nígbà tó fẹ́ ka girama kíkún, Èkó ni ó ní láti lọ, ó wọ Igbobi College ní 1940. Ilé ẹ̀kọ́ yẹn, ìjọ Áńgílíkà àti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ló jọ dá a sílẹ̀ ní 1932. Ta ló ràn án lọ́wọ́ lórí owó rẹ̀? Ikole Progressive Union, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìlú rẹ̀. Ọmọ náà ló di ọ̀kan nínú àwọn onítàn tó ga jù ní Áfíríkà, tó sì kọ ìtàn àwọn ajíhìnrere ìgbà Crowther àti Macaulay fún gbogbo ayé. Ohun púpọ̀ tí àwa ń sọ níbí nípa ọdún 1859, iṣẹ́ rẹ̀ ló jẹ́ kí a mọ̀ ọ́n.

Ọmọ Ìkọ̀lé

Bàbá, omi bọ́ lójú mi. Mo mọ orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Ajayi láti kékeré, orúkọ rẹ̀ kì í kúrò lẹ́nu wọn nílé. Pé ìlú wa ló dá owó jọ fún un, mi ò gbọ́ ọ rí. Ẹ mà ṣeun o.

Ẹ bá mi sọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i nípa Dallimore àti òkè Agídímọ̀ tí Christ's School wà.

Agídímọ̀ 70s

Mo wà níbí, ẹ jẹ́ kí n gbà á lẹ́nu Bàbá.

Dallimore, Gẹ̀ẹ́sì ni, CMS ló rán an. Ó ti ń gbé ní Adó tipẹ́ kó tó dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, ó mọ ilé, ó mọ ọ̀nà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Leslie Donald Mason, ọ̀gá àgbà láti 1948 sí 1966. Àwọn tó ṣáájú mi kì í dárúkọ Mason kí wọ́n má rẹ ohùn wọn sílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni girama kíkún ti bẹ̀rẹ̀. Lára àwọn tó gba ibẹ̀ kọjá ni akéwì Niyi Osundare, ọmọ Ìkẹ́rẹ́, àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Bolaji Akinyemi tó di mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè.

Lórí òkè yẹn, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ máa ń fẹ́ láàárọ̀ títí ètè á fi sán. A ó sì ti gé koríko pápá kí agogo tó lù. Mi ò sọ èyí láti fi yangàn. Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ mọ̀ ni pé iṣẹ́ ọwọ́ wà lára ẹ̀kọ́ náà gẹ́gẹ́ bí ìwé ṣe wà lára rẹ̀.

Abílékọ Ìkẹ́rẹ́

Gbogbo yín ń sọ ọmọkùnrin, ọmọkùnrin. Àwa ńkọ́?

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn Grammar School, ní 1869, ni àwọn CMS tó ṣí Female Institution fún àwọn ọmọbìnrin ní Èkó. Ilé ẹ̀kọ́ yẹn ló dà pọ̀ mọ́ ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin ti Kúdẹtì ní 1950 tí wọ́n fi di St Anne's ní Ìbàdàn. Ìyá mi, tí wọ́n bí ní ìdílé oníkòkó, kò dé girama. Ó ní nígbà tí owó kòkó bá tó ti ọmọ kan ṣoṣo, ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin ni bàbá wọn máa ń rán lọ. Ìyá mi yìí náà ló sì máa ń ru kòkó lọ sí ọjà. Bí a bá ń kọ ìtàn owó tó kọ́ ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọkùnrin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ orúkọ àwọn ọmọbìnrin tó ru ẹrù náà sí i.

Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ti Adó ni pé àwọn ọmọbìnrin náà rí àyè níbẹ̀. Ọmọ mi obìnrin ka Christ's Girls' School, ó ti di onímọ̀ ẹ̀rọ.

Ọmọ Kòkó

Màmá, ẹ ṣeun gan-an. Bẹ́ẹ̀ ló rí nílé tiwa náà, àwọn àbúrò mi obìnrin ló ru èyí tó pọ̀ jù.

Ìsàlẹ̀ Èkó

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Grammar School kúrò ní erékùṣù Èkó, ó lọ sí Bàríga. Lẹ́yìn 1979, ìjọba Jákàńdè ní Èkó sọ gbogbo ilé ẹ̀kọ́ di ti ọ̀fẹ́ lábẹ́ ìjọba, títí kan ti àwọn ìjọ. Ní 2001, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó dá Grammar School padà fún ìjọ Áńgílíkà, pẹ̀lú àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjọ mìíràn. Láti ìgbà náà, ó tún ti ń dá dúró bó ṣe wà ní 1859, òbí ló ń sanwó. Kí ló dé tí Èkìtì kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún Christ's School? Àwọn tó ni ín ni kí ó wà lọ́wọ́ wọn.

Ìdó Lókè

Èmi kò fara mọ́ ọn rárá. Ta ló ni ín? Ilẹ̀ ni ìlú fún wọn, owó ni àwọn àgbẹ̀ dá, lẹ́yìn náà ìjọba san owó oṣù olùkọ́ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Bí ẹ bá dá a padà fún ìjọ nìkan, owó tí wọn yóò máa gbà yóò kọjá agbára ọmọ àgbẹ̀. Àwọn tí wọ́n tìtorí wọn kọ́ ọ kò ní lè wọ ẹnu géètì.

Ní 1955, Awólọ́wọ̀ mú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wá sí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn. Ní 1979, Gómìnà Ajásin mú un dé girama ní Oǹdó àtijọ́ tí àwa wà lábẹ́ rẹ̀ títí wọ́n fi dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní 1996. Èmi fúnra mi jàǹfààní rẹ̀. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, mi ò ní wà níbí kí n máa bá yín jiyàn.

Agídímọ̀ 70s

Ìdó Lókè, mo gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ rẹ kò ṣeé jù nù. Ṣùgbọ́n lọ wo òrùlé àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjọba wa káàkiri kí o tó pinnu. Ọ̀fẹ́ tí kò ní ẹ̀rọ ìwádìí sáyẹ́ǹsì, tí olùkọ́ kan ń kọ́ kíláàsì mẹ́rin, ọmọ àgbẹ̀ náà ló ń pa lára. Ohun tí èmi rò ni pé kí ó wà lọ́wọ́ ìjọba, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ àti ìjọ ní ìjókòó nínú ìgbìmọ̀ tó ń darí rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì lè yí ọ̀gá àgbà padà bó ṣe wù ú.

Ìdó Lókè

Ìyẹn ni mo lè bá yín fọwọ́ sí, bí owó ilé ìwé kò bá wọ̀ ọ́.

Olórin Ìjọ

Ẹ kú àṣálẹ́. Mo ti ń kà láti àárọ̀. Ohun kan ni ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu bà: nínú gbogbo ẹ̀kọ́ tí Bàbá Tísà kà sílẹ̀ fún 1859, Yorùbá kò sí níbẹ̀. Gíríìkì wà, Látìn wà. Bẹ́ẹ̀ Crowther, àna ọ̀gá àgbà, ni ẹni tó ń túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá nígbà náà!

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ náà padà ṣe. T. K. E. Phillips, ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Charles Phillips tí ẹ̀gbọ́n láti Òkè-Ìmẹ̀sí dárúkọ, ka ibẹ̀. Ó lọ kọ́ orin ní Trinity College ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ń lu dùùrù ní Kàtídírà Marina ní Èkó láti 1914 di 1962. Òun ló jà fún un pé ohùn orin ìsìn gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá, kí àmì ohùn má baà yí ìtumọ̀ padà nígbà tí a bá ń kọrin. Fela Sowande, tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ọmọ Grammar School ni. Bákan náà ni Babs Fafunwa. Ní 1970, nígbà tó wà ní yunifásítì Ifẹ̀, òun ló ṣáájú iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n sì rí i pé àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Olùdarí akọrin ni mí ní ìlú kékeré kan lẹ́bàá Ìkọ̀lé. Lọ́jọ́ Sunday, nígbà tí orin bá bọ́ sí ohùn rẹ̀ tí àwọn ìyá àgbà gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀, mo mọ ẹni tí mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Tísà Fẹ̀yìntì, Adó

Olórin, o ṣeun púpọ̀. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ìtàn ní kíláàsì, mi ò so Bíṣọ́ọ̀bù Phillips ti Èkìtì pọ̀ mọ́ orin Marina fún àwọn ọmọ rí. Àwọn tó ń kọ́ni lónìí, ẹ mú èyí lọ sí kíláàsì yín.

Ọmọ Ìkọ̀lé

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo dúpẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ kan ní ìlú wa fẹ́ tẹ ìwé kékeré kan jáde fún àwọn ọmọ SS, ní Yorùbá. Mo ti gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn láti fi ohun tí ẹ kọ síhìn-ín ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀. Èmi yóò kọ ọdún méjèèjì, 1933 àti 1948, sí i. Èmi yóò sì kọ ọ̀rọ̀ Màmá Ìkẹ́rẹ́ nípa àwọn ọmọbìnrin tó ru kòkó.

Ẹni tó bá ní fọ́tò Ekiti Central School ṣáájú 1948, tàbí rìsíìtì owó ilé ìwé ti bàbá tàbí bàbá àgbà rẹ̀, tàbí ìwé ìpàdé ẹgbẹ́ ìlú tó dá owó jọ fún ọmọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ya àwòrán rẹ̀ kedere kí ẹ sì gbé e síbí. Ẹ bo orúkọ tí ẹ kò bá fẹ́ kí a rí.

Ọmọ Kòkó

Rìsíìtì ìwọ̀n kòkó bàbá mi wà nínú àpótí nílé. Ó kọ orúkọ ọmọ tó fi owó náà rán lọ sí ilé ìwé sí ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ń lọ sílé ní Sátidé, màá gbé e síbí.